Sarƙa Ọrùn Mi àti Sarƙa Ẹ́ńjìnnì

Ní Zaria láyé ìgbà yẹn, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí bàálé mi ń wà, òun ni ẹsẹ̀ mi. Òun ló ń kó tàtàṣé mi láti abúlé wá sí Tudun Wada. Kí a tó rà á, ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni mo máa ń tọrọ àyè nínú rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà á fi àpò mi sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kí a sì tó dé ọjà, tàtàṣé ti di ọbẹ̀ tí kò níyọ̀.

Ó wá di ọjọ́ kan, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí pariwo ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀, bí ẹni ń mi òkúta nínú agolo. Mẹkáníìkì àdúgbò wa, tí ẹnu rẹ̀ máa ń tú ẹ́ńjìnnì kí ọwọ́ rẹ̀ tó débẹ̀, kò tilẹ̀ ṣí i wò. Ó ní inú rẹ̀ ti fọ́, kí a tà á ní àjákù. Obìnrin tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tèmi, tó ń ta tàtàṣé bíi tèmi, ló kọ́kọ́ gbọ́. Ó ní ọkọ òun á rà á. Bàálé mi ti fẹ́ gbà. Mo ní kó ní sùúrù di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀.

"Ìyá àwọn ọmọ, ṣé ẹnu lo máa fi wo ẹ́ńjìnnì sàn ni?"

Mo ní ẹnu tó ń rí tàtàṣé rírọ̀ tà, kò lè ṣe kó má rí nǹkan bá irin sọ.

Bàbá Hausa kan ń tún ọkọ̀ ṣe lábẹ́ igi dógóyárò lọ́nà Dakace. Ibẹ̀ la wọ́ ọkọ̀ lọ. Bàbá fi orí irin gígùn kan ti iwájú ẹ́ńjìnnì, ó fi ìdí rẹ̀ sétí, bí ẹni ń gbọ́ òfófó. Ó wá bi mí, nítorí bàálé mi dijú mágbárí sínú ọkọ̀, pé ìgbà wo ni ariwo náà máa ń pọ̀ jù. Mo fi Hausa dá a lóhùn. Mo ní láàárọ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, àti tó bá dúró lásán. Tí ẹrù bá kún un tó ń gun òkè, á dákẹ́. Mo ní èmi gan-an ló fìwà jọ: níṣẹ́, ẹ kò ní gbóhùn mi, tí mo bá jókòó lásán, wọ́n á gbọ́ mi dé àdúgbò PZ. Bàálé mi sọ láti inú ọkọ̀ pé òótọ́ àkọ́kọ́ tí mo sọ lọ́dún yẹn nìyẹn.

Bàbá gbé irin kúrò létí. "Sarƙa ce, Mama."

Lédè Hausa, sarƙa ni wọ́n ń pe ẹ̀gbà tó wà lọ́rùn mi, wúrà tí ìyá mi fi sin mí lọ sílé ọkọ. Mo rò pé òun ló fẹ́ gbà fún owó iṣẹ́, mo fi ọwọ́ méjèèjì bò ó. Mo ní kò tíì tú nọ́ọ̀tì kan, ọrùn mi ló ti ń dáwọ́ lé; kó kúkú ní kí n yọ eyín mi kún un.

Bàbá jókòó sórí táyà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá ṣí iwájú ẹ́ńjìnnì. Ṣéènì kan ló wà níbẹ̀ bíi ti kẹ̀kẹ́, tó so àgbá eléyín ìsàlẹ̀ mọ́ ti òkè kí wọ́n lè máa yí ní ìbámu. Ó ti rọ̀ dẹ̀dẹ̀, ó ń na ara ilé rẹ̀. Ṣéènì yẹn náà ni Hausa ń pè ní sarƙa. Mo rọra mú ọwọ́ kúrò lọ́rùn.

A ra tuntun. Bàbá kọ ojú àmì ara àgbá méjèèjì síra wọn, bíi tọkọtaya tí ìjà wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ó ní bí eyín kan bá yẹ̀, ọkọ̀ kò ní í ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tí bàálé mi tanná sí i, ẹ́ńjìnnì ń kùn bí ológbò tó yó. Ó paná, ó tún tàn án, torí kó lè tún gbọ́ pé kò sí ariwo.

Bàbá nu ṣéènì àtijọ́, ó nà án sí mi: "Ga sarƙarki." Ẹ̀gbà rẹ nìyí. Mo gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ ọjà, tàtàṣé mi ló kọ́kọ́ dé, ó ń dán. Aládùúgbò mi wá bá mi, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, ó bi mí ìgbà tí ọkọ òun lè wá gbé àjákù náà. Mo fa ìborùn mi kúrò. Ṣéènì dúdú wà lọ́rùn mi, lórí wúrà ìyá mi.

"Àjákù náà nìyí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ súnmọ́ ibí kí n fi sí yín lọ́rùn."

Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n gbàgbé láti ná ọjà. Epo ara ṣéènì náà ba bùbá mi jẹ́. Mi ò bọ́ ọ lọ́rùn títí ọjà fi tú.