Ẹ̀kán Kan tí Mo Fi Ṣe Ènì

Ọdún tí mo ń sọ yìí, àbúrò mi obìnrin fẹ́ ṣe ìdánwò bákì, èyí tí wọ́n fi ń wọ fásitì lọ́dọ̀ wa, lẹ́ẹ̀kejì. Ti àkọ́kọ́ já a kulẹ̀, ṣimí ló sì fà á, ẹ̀kọ́ nípa bí nǹkan kan ṣe ń pàdé òmíràn tí wọ́n á fi di ohun tuntun. Bàbá wa ò bínú. Ó kàn jẹun tán, ó nu ẹnu, ó ní bí tọdún yìí náà kò bá bọ́ sí i, kó lọ bá àǹtí wa ní òdìkejì ààlà, ní Nàìjíríà, kó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Àbúrò mi tí kò lè ki okùn bọ ojú abẹ́rẹ́! Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀, mo gbé e mì.

Èmi ò pẹ́ nílé ẹ̀kọ́. Mo jókòó níbẹ̀ díẹ̀, mo dìde, mo bá ìyá mi lọ sídìí gàrí. Ìtìjú sì pọ̀ lára mi. Àwọn tó kù lọ́jà á máa ké pe oníbàárà, "Ẹ wá tọ́ ọ wò o!", èmi á tẹrí mọ́lẹ̀ bí ẹni tí nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ènì ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Bí mo bá ti wọn gàrí kún tóńgólò, agolo tí gbogbo wa fi ń wọ̀n ọ́n, tó ga sókè ṣóńṣó, màá tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Àwọn ará Daagbé àti Tchaada mọ̀ mí mọ́ ọn. Ìyá mi ní ọwọ́ mi ni ẹnu mi.

Ìrọ̀lẹ́ kan, mo ń bó ẹ̀gẹ́, àbúrò mi gbé ìwé rẹ̀ wá jókòó tì mí.

"Dàda," bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin lọ́dọ̀ wa nìyẹn, "olùkọ́ wa ní ohun tí èèyàn bá lè ṣàlàyé fún ẹlòmíràn ló mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa kọ́ yín."

"Èmi kẹ̀? O ò rí ẹlòmíràn?"

"Ẹ̀yin lẹ kì í fi mí ṣẹ̀sín. Ó dáa, móòlù. Móòlù jẹ́ iye kan tó pọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè jókòó kà á. Móòlù kan iyọ̀ àti móòlù kan omi, iye kan náà ni, ṣùgbọ́n ìwúwo wọn ò dọ́gba." Ó ń jẹ èékánná. Ojú rẹ̀ wá là. "Ẹ wò ó. Ọgọ́rùn-ún ọsàn àti ọgọ́rùn-ún àgbọn. Iye wọn ńkọ́?"

"Ọ̀kan náà ni."

"Ìwúwo wọn ńkọ́?"

"Bi ọrùn mi léèrè."

"Vualà!" Ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ilé ìdáná wa di kíláàsì. Ó fi èédú ya omi sára ògiri fún mi bí wọ́n ṣe ń yà á nínú ìwé ṣimí, rìbìtì ńlá kan pẹ̀lú rìbìtì kékeré méjì léjìká rẹ̀. Ìyá wa wọlé, ó dúró.

"Ta ló ya eku sára ògiri mi?"

"Omi ni, ìyá."

"Omi? Ẹ bù ú wá nígbà náà, ọbẹ̀ mi ń jó."

Èyí tó le jù fún un ni dósáàjì. Àsíìdì kan wà nínú ife, ẹnikẹ́ni ò mọ bó ṣe le tó. Wọ́n á máa kán omi mìíràn tó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, títí agbára àwọn méjèèjì á fi pa ara wọn. Ibi tí àwọ̀ bá ti yí ni wọ́n á dúró. Iye omi tí wọ́n kán ni wọ́n á fi ṣírò bí àsíìdì náà ṣe le tó. Èèyàn pọ̀ ní kíláàsì wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, ẹ̀yìn ni àbúrò mi dúró sí, kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

A wá ṣe tiwa. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni àsíìdì. Omi eérú tí ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ ni ọ̀tá rẹ̀. Omi ìṣápá pupa la fi mọ àwọ̀. A ra ike abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn, a yọ irin orí rẹ̀ kúrò. Àbúrò mi ní kí èmi máa kán an, kí òun máa ka ìlà ara ike.

Mo kán an. Ó hó díẹ̀, ó ṣì pupa. Mo kán, mo kán. Lójijì ó di àwọ̀ àlùkò.

"Ó tó!"

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti fi ẹ̀kán kan lé e. Omi náà di àwọ̀ ewé.

"Dàda! Kí lẹ tún kán sí i fún?"

"Ènì ni," mo ní.

Ó wò mí, mo wò ó. A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn wá. A bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ọwọ́ mi tún ṣe bẹ́ẹ̀. A tún un ṣe, ènì náà ni. Ẹ̀rín wá tán lójú rẹ̀.

"Ẹ ń rán mi lọ sọ́dọ̀ àǹtí," ó ní, ohùn rẹ̀ ti ń wọlẹ̀.

Ìyá wa tó ń ro ọkà ò tiẹ̀ yíjú. "Oníbàárà wo ló wà nínú ife yẹn tí o fi ń fún un lénì?"

Mo wo inú ife. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tó di àwọ̀ àlùkò, ọwọ́ mi dúró. Àbúrò mi ka ìlà. A ṣe òmíràn, ó tún ka ìlà, ó sì fò sókè: "Ibì kan náà ni! Dàda, ibì kan náà!" A ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí bàbá wa fi wá ọsàn wẹ́wẹ́ tì, tó ní ṣé àwọn ọmọ òun ti di aṣoògùn ni.

Nígbà tí àbúrò mi ti ibi ìdánwò ṣimí dé, ó ní dósáàjì jáde. "Mo dé ibi tí àwọ̀ ti yí, mo gbọ́ ohùn ìyá, 'Oníbàárà wo?' Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹni tó ń ṣọ́ wa wò mí bí olè."

Lọ́jọ́ tí èsì jáde, ọjà ni mo wà. Mo ń wọn gàrí fún ìyá àgbà kan lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀kadà kan dúró, àbúrò mi bọ́ sílẹ̀, ó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, omijé ń bọ́. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ lé gàrí ìyá náà, mo tún bu òmíràn, mo tún bù.

"Ọmọ yìí, ṣé ara rẹ dá?"

"Àbúrò mi ti yege!" Mo ké e. Èmi. Gbogbo ìsọ̀ yíjú wò mí.

Fásitì ló wà báyìí. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ìyá wa po amọ̀, ó ń rẹ́ ògiri ilé ìdáná bó ti máa ń ṣe. Ó dé ìdí eku yẹn, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo bi í pé ibẹ̀ yẹn ńkọ́.

"Fi omi ọmọ mi sílẹ̀," ó ní.