Ìdúró Tí Ògbufọ̀ Gé Kúrò

Gílóòbù kékeré méjì wà lórí tábìlì Raqeebah Àrówólò ní Alajo, nílùú Accra. Pupa dúró fún jẹnẹrétọ̀, funfun dúró fún iná ìjọba. Bí iná ìjọba bá dé, pupa ní láti kú, kí òkùnkùn wà díẹ̀, kí funfun tó tàn. Ó tẹ bọ́tìnnì ara bọ́ọ̀dù tó so wọ́n pọ̀. Pupa kú, funfun tàn. Kò sí òkùnkùn kankan láàárín wọn.

Ó tún un tẹ̀. Bákan náà ni.

Irú bọ́ọ̀dù yìí gan-an ló fi sára ògiri ilé ìgbẹ̀bí Màmá Àgbékẹ́ ní àdúgbò Madina lánàá.

Accra ni wọ́n bí Raqeebah sí. Bàbá rẹ̀ ń ta aṣọ ní ọjà Makola. Òun lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní pọ́lì. Bọ́ọ̀dù tó máa ń gbé ilé láti orí iná ìjọba sórí jẹnẹrétọ̀, tó sì máa ń gbé e padà láìsí ọwọ́ ènìyàn, ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún 2015 ni, ọdún tí iná ń lọ tó ń bọ̀, tí gbogbo Accra ń pè é ní dúmsọ̀. Iṣẹ́ pọ̀.

Tẹ́lẹ̀, èdè asẹ́ńbílì ló fi ń kọ àṣẹ fún ṣíìpù, ọpọlọ bọ́ọ̀dù náà. Nínú asẹ́ńbílì, òun fúnra rẹ̀ ló ń bá ṣíìpù sọ̀rọ̀, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn: gbé èyí, fi í síbí, kà, dúró. Ó máa ń pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n ohun tó bá kọ ni ṣíìpù máa ń ṣe, kò ní dín, kò ní lé. Àyè inú ṣíìpù náà kéré, asẹ́ńbílì sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé inú yàrá tóóró.

Abdulqoyum, àbúrò rẹ̀ tó ń fi èdè C ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan, kì í jẹ́ kó sinmi.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣì ń fi àsáńkà lọ ata, bùléńdà wà nílé.”

“Ata inú àsáńkà, mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.”

“Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ ó sì máa lọ̀ ọ́ títí di Jímọ̀ tó ń bọ̀.”

Kò parọ́. Bí oníbàárà bá fẹ́ àyípadà kékeré, Raqeebah a fẹ́rẹ̀ẹ́ tún gbogbo rẹ̀ kọ. Nínú C, ìlà kan péré ni. Bí ó bá sì padà kà á lóṣù tó ń bọ̀, yóò ṣì yé e. Ó gbà. Ó tún iṣẹ́ náà kọ ní C, ó sì dán an wò: ó dára. Àmọ́ ó ti tóbi jù fún ṣíìpù. Ó wá ní kí kọ̀ǹpáílà, ògbufọ̀ tó máa ń sọ C di ohun tí ṣíìpù gbọ́, fún un pọ̀ kó lè kéré. Ó kéré, ó wọlé. Inú rẹ̀ dùn. Kò dán an wò mọ́.

Nísinsìnyí ó ṣí ohun tí ògbufọ̀ náà tú. Ó wá ìdúró náà, ibi tí ó ti ní kí ṣíìpù ka nọ́ńbà lásán, kí àkókò díẹ̀ lè kọjá. Kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń kà tí kò lo ohun tó kà, ògbufọ̀ kò rí iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó gé e kúrò.

Bí iná bá dé sí Madina, yóò wọlé kí jẹnẹrétọ̀ tó kúrò lọ́nà. Àwọn méjèèjì yóò pàdé, wáyà lè gbiná. Àlòkù ni àwọn suwíìṣì ńlá tó rà. Wọn kò ní irin tó yẹ kó dí ọ̀kan lọ́nà bí èkejì bá wà nílé. Ó ti rò pé ohun tí òun kọ yóò ṣe iṣẹ́ irin náà. Ẹ̀yìn ògiri ibẹ̀ ni wọ́n ń kó agolo epo sí. Nínú ilé, ọmọ tuntun kan ń fi ẹ̀rọ mí.

Bó ṣe ń yí síkúrúù tó kẹ́yìn lánàá ni iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ gbà á, àwọn nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́, ó sì lọ sílé. Láti ìgbà náà iná kò tíì dé. Ìrọ̀lẹ́ òní ni wọ́n ní yóò dé, ṣùgbọ́n iná ọdún yẹn kì í pa àdéhùn mọ́.

Ó pe Màmá Àgbékẹ́. Fóònù kò wọlé. Ó sáré lọ wọ tròtrò, ọkọ̀ akérò.

Lẹ́bàá Legon, ọkọ̀ dúró sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ó ń na ọrùn wo iwájú.

“Màdáámù,” ni méètì, kọ̀ńdọ́kítọ̀ ọkọ̀ náà, wí, “ṣé ẹ fẹ́ wá wà á ni?”

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Raqeebah ń wo inú àwọn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá ọ̀nà, bóyá iná ti dé. Fáànù kan ń yí. Ìgbà tí ọkọ̀ sún díẹ̀ ló tó rí jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń yí i.

Ní Madina, Màmá Àgbékẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Raqeebah, ta ló kú?”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọjá.”

Ó já wọ ibi tí wáyà ìjọba gbà wọlé, ó fa suwíìṣì àgbà wálẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lọ. Ọmọ náà ń mí. Raqeebah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Iṣẹ́ mi kò dáa, Màmá. Bí iná bá dé bá a báyìí, ilé lè jó.”

Màmá yí sí bọ́ọ̀dù ara ògiri.

“A gbàdúrà fún ọ lánàá. O ṣe àmín.”

“Mo ṣe é.”

“O dán iṣẹ́ yìí wò?”

“Mi ò dán an wò tán, mà.”

Kò pẹ́ tí ariwo àwọn ọmọdé fi ta ní òdìkejì títì. Iná ti dé. Nínú ilé náà, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

“Epo wa ń tán lọ,” ni Màmá wí. “Ta ni yóò gbé wa sórí iná ìjọba?”

“Èmi ni.”

Ó tú bọ́ọ̀dù náà kúrò lára ògiri. Àwọn nọ́ọ̀sì so ọmọ mọ́ sìlíńdà atẹ́gùn. Ó pa jẹnẹrétọ̀, ó tú wáyà rẹ̀, kó tó gbé iná ìjọba wọlé. Ibẹ̀ ló sùn. Màmá kò jẹ́ kó lọ, òun náà kò sì bèèrè. Bí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń ṣe é, títí ó fi rí irin ìdènà náà rà.

C náà ló ṣì ń lò fún iṣẹ́ rẹ̀. Ìdúró nìkan ló máa ń fi asẹ́ńbílì kọ sí àárín rẹ̀, a sì ka gbogbo ohun tí ògbufọ̀ bá tú kó tó jáde nílé. Ṣùgbọ́n bí iná bá dé, tí àdúgbò ń yọ̀, òun a kọ́kọ́ máa gbóòórùn bóyá nǹkan ń jó.