Káàdì Ìrìbọmi fún Ọmọ-ọmọ Ọ̀gá

Ọdún méjìlélógún gbáko ni Baba Onílẹ́tà fi di kùnrùngbùn sí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọjọ́ kan tí kò ka orí Bíbélì mẹ́ta. Bí nǹkan méjèèjì ṣe ń gbé inú ọkàn kan ṣoṣo, òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ni ó yé.

Ilé ìtẹ̀wé ni òun àti ọ̀gá náà ti jọ ṣiṣẹ́. Baba Onílẹ́tà ni ó ń to lẹ́tà òjé sínú férémù onírin, lódìlódì, kí wọ́n lè yọ dáadáa lórí ìwé. Nígbà tí wọ́n ń tẹ ìwé àdúrà fún ìjọ, ó rí i lórí ojúewé àyẹ̀wò pé òun ti fo ọ̀rọ̀ kan: “Olúwa, má kọ̀ wá” ti di “Olúwa, kọ̀ wá.” Ó fi yíǹkì pupa fa ilà sí i, ó sì gbé e fún ọ̀gá. Ọ̀gá ń kánjú. Kò wò ó, ó ní kí ẹ̀rọ máa lọ. Ní ọjọ́ ìsinmi, gbogbo ìjọ dìde, wọ́n fi ohùn kan bẹ Ọlọ́run pé kí ó kọ àwọn sílẹ̀. Nígbà tí wàhálà dé, ọ̀gá ní onílẹ́tà kò fi nǹkan kan han òun. Ojúewé tí a fa ilà pupa sí di àwátì. Ọjọ́ náà ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú ìjókòó-sílé yẹn ni ó ti kọ́ èdè Hébérù. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá fẹ́ ri ọmọ kan bọmi, òun ni ó ń kọ orúkọ ọmọ náà sórí káàdì ní lẹ́tà Hébérù, láti ọ̀tún sí òsì, pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀: Dáníẹ́lì, Ọlọ́run ni onídàájọ́ mi; Náómì, adùn. Olùṣọ́-àgùntàn a kà á sókè níbi omi láìyẹ̀ ẹ́ wò tẹ́lẹ̀, àwọn òbí a sì gbé e kọ́ ara ògiri títí ayé.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, ọ̀gá fúnra rẹ̀ wọlé.

“Onílẹ́tà! O ṣì wà láyé?”

“Ọlọ́run kò tíì kọ̀ mí, ọ̀gá.”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. “Ọmọbìnrin mi bí ọkùnrin. Orúkọ mi ni a ó sọ ọ́, Jákọ́bù. Kọ ọ́ kó gún régé. Má tún fo nǹkan kan lórí tèmi o!”

Bí ó ti jáde, ìyàwó Baba Onílẹ́tà gbọ́ orin nínú yàrá.

“Bàbá wọn, kí ló dé tí ẹ ń kọrin? Orin yín yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn.”

“Ìyá wọn, Olúwa ti fi í lé mi lọ́wọ́.”

“Olúwa, àbí ẹ̀yin?”

Ó fa káàdì kan sọ́dọ̀. Inú ọ̀rọ̀ tí àwọn Hébérù ń pe gìgísẹ̀ ni Jákọ́bù ti jáde, nítorí gìgísẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó dì mú nígbà tí ó ń wáyé. Ìtumọ̀ yẹn ni ó ti kọ fún ọmọ mẹ́fà rí. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tí Ísọ̀, ẹ̀gbọ́n náà, fi ẹkún sọ ni ó kọ, ó sì mú kálàmù tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ jù: *Ẹni tí ń fi ẹ̀tàn gba ohun ẹlòmíràn.* Ó ti ń gbọ́ ohùn olùṣọ́-àgùntàn létí. Ó ti ń rí ọrùn ọ̀gá bí yóò ṣe tẹ̀ wálẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ìyá ọmọ wá gba káàdì, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kà á. Ó tún un kà.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọmọ oṣù kan fi ẹ̀tàn gbà lọ́wọ́ yín?”

Baba Onílẹ́tà lè sọ pé bí Hébérù ṣe wí nìyẹn, ṣùgbọ́n ojú ọmọbìnrin náà kò kúrò lára rẹ̀, ó sì tú gbogbo ọ̀rọ̀ ìwé àdúrà náà sílẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ń retí èébú. Ọmọbìnrin náà fìdí lé àpótí ìjókòó.

“Ṣé yíǹkì náà pupa?”

“Ó pupa.”

“Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Bàbá mi ń dáná sun ìwé kan lẹ́yìn ilé, ilà pupa wà lára rẹ̀. Mo ní kí ni wọ́n ń sun, wọ́n gbá mi létí.” Ó gbé káàdì náà lé orí tábìlì. “Ẹ fà á ya. Kí ni ìtumọ̀ Sádókù?”

“Olódodo.”

“Ẹ kọ ọ́.”

Nígbà tí olùṣọ́-àgùntàn ka “Sádókù, olódodo” ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá ta gìrì dìde nínú aṣọ funfun rẹ̀.

“Àṣìṣe nìyẹn! Onílẹ́tà tún ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ dé!”

“Kò sí àṣìṣe níbẹ̀, Bàbá mi,” ni ọmọbìnrin rẹ̀ wí, kò tilẹ̀ yíjú padà. “Èmi ni mo yí i. Ẹ jókòó, n óò sọ ìdí rẹ̀ fún yín nílé. Àbí kí n sọ ọ́ níbí?”

Ọ̀gá jókòó. Ọrùn rẹ̀ sì wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

Láti ìjókòó ẹ̀yìn, Baba Onílẹ́tà ń wo ọrùn náà bí ẹni tí ebi ti ń pa láti àárọ̀ ṣe ń wo oúnjẹ. Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo ìjọ gbàdúrà, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù, ó pa ọwọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n ó la ojú sílẹ̀ rekete, kí ohunkóhun má bàa fò ó.