Àǹtí Kọ̀ǹpútà àti Ọ̀gá Tó Fi Í Ṣẹ̀sín

Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọdún mẹ́tàdínlógún gbáko ni Àǹtí Kọ̀ǹpútà fi ní Ọ̀gá Páílọ́ọ̀tì sínú.

Ọ̀gá yìí, olùkọ́ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ bààlúù wíwà, ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Nígbà náà, ọmọbìnrin náà ti fi ọdún mẹ́rin wa bààlúù géèmù orí kọ̀ǹpútà ní pálọ̀ bàbá rẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ gbogbo bọ́tìnnì, ó sì gbà pé òun ti mọ̀ ọ́n tán. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ bààlúù gidi, kí wọ́n tó gbéra rárá, ó ń yí ìtọ́kọ̀ bí ẹni ń wa mọ́tò. Kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń darí bààlúù lórí ilẹ̀. Bààlúù bá yà bàrá wọ inú koríko. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ta ni kò ní rẹ́rìn-ín? Ṣùgbọ́n ẹ̀rín lọ́tọ̀, ìròyìn lọ́tọ̀: gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ló gbọ́.

“Àǹtí Kọ̀ǹpútà, padà sí pálọ̀ bàbá ẹ!”

Òótọ́ ni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Òótọ́ yẹn gan-an ló ń ta á. Ó kọ́ ọ lákọ̀tun, ó wa bààlúù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó wá di ẹni tó ń dán àwọn páílọ́ọ̀tì wò nínú ẹ̀rọ kan tó wà nínú yàrá, tó ń mì tìtì bíi bààlúù gidi. Ẹni tó bá fìdí rẹmi níbẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé èrò mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ta ló wọlé bí kò ṣe Ọ̀gá, tòun tirun funfun lórí. Inú Àǹtí dùn dé góńgó. Ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó jẹ́ kó gbéra, ó wá pa ẹ́ńjìnnì òsì láti fi dán an wò. Ọ̀gá nawọ́ láti ti èyí tó kú pa, ló bá ṣèèṣì pa tọ̀tún, èyí tó ń ṣiṣẹ́. Gbogbo nǹkan dákẹ́ lọ gbári. Ilẹ̀ ń bọ̀, ilẹ̀ ń bọ̀, gbàgà!

“Ẹ ti pa èrò yín tán, Ọ̀gá,” ni Àǹtí wí. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀.

Ó ń retí ẹ̀bẹ̀. Ó ti múra láti sọ pé rárá.

Ọ̀gá nujú. “Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Lóṣù tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí n ṣe irú ẹ̀ lókè, pẹ̀lú èrò lẹ́yìn mi. Igbákejì mi ló gbá ọwọ́ mi dànù. Mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì rí oorun sùn. Ọlọ́run á bù kún yín. Ẹ ti sọ ẹrù yìí kalẹ̀ fún mi.”

Ó dìde, ara rẹ̀ fúyẹ́. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ti ń pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín.

Àǹtí jókòó pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Ó ti fẹ́ kí Ọ̀gá sunkún. Ó fẹ́ kó dùn ún dé egungun. Ọdún mẹ́tàdínlógún, ó wá lọ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọkùnrin náà lóore.