Oríkì Tí Kì Í Ṣe Ti Ìyá Mi

Gbogbo ẹni tó bá kí mi kú oríire àwo orin wa ni mo máa ń bi pé èwo ló dùn mọ́ ọn jù nínú rẹ̀. Orin keje ni wọ́n máa ń dárúkọ. Orin keje yẹn gan-an ni mo fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Àwa mẹ́ta la ṣe àwo náà, nínú bọ́ìsì kọ́tà kan ní Bódìjà tí a fi páálí ẹyin bo ògiri rẹ̀. Èmi ni mò ń ta gìtá, èmi náà ni mò ń kọrin. Ọ̀rẹ́ mi kan ń lu dúrọ́ọ̀mù. Ẹnì kẹta ló ni kọ̀ǹpútà tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀. Orin rọ́ọ̀kì ni, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń náwó fúnni. Mo kọ orin keje fún ìyá mi tó ti di olóògbé, mo sì fẹ́ fi oríkì orílẹ̀ wọn parí rẹ̀.

Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ring Road, nìkan ló mọ oríkì náà délẹ̀. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ sínú fóònù kí wọ́n fi ránṣẹ́.

"Ṣé ẹ̀fọ́ ni, tí n ó fi ránṣẹ́? Wá jókòó síwájú mi kí o gbà á."

Orúnkún ń dùn wọ́n lọ́sẹ̀ náà, wọ́n ní kí n ṣe sùúrù. Ni ọ̀rẹ́ mi onídúrọ́ọ̀mù bá ní, "Mú tiwa lò ná, ká fi díwọ̀n orin. Ìyá mi ò ní bínú, wọn ò tiẹ̀ fẹ́ràn rọ́ọ̀kì." Ọmọ jagunjagun ni ìyá tiẹ̀. Mo ki oríkì wọn sínú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n lè mọ ibi tí ohùn yóò ti gòkè. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ sórí fáìlì náà: Má gbé èyí jáde. Kí ló ṣòro níbẹ̀?

Ní ọjọ́ Àìkú kan, tí mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ni kọ̀ǹpútà gbé gbogbo àwo náà jáde, tòun ti fáìlì yẹn. Kò pè mí, kò bi mí. Mo ní kì í ṣe ìyá mi ni mo kì níbẹ̀.

"Ọ̀gá mi, ṣé o gbọ́ bó o ṣe kọ ọ́ ni? O ò lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ta ló sì máa mọ̀?"

Kò pẹ́ tí orin náà fi gba ìgboro kan. Nínú kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀ ní Agbowó, orin náà ló ń dún. Bàbá kan dá mi dúró ní Dùgbẹ̀, wọ́n di ọwọ́ mi mú, omi ń bọ́ lójú wọn. "Ọmọ wa, o ki ìyá mi dáadáa." Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ ṣeun, sà. Títí di òní, mi ò mọ ohun tí mò ń dúpẹ́ fún.

Inú táksí ni Màmá Ring Road ti gbọ́ ọ. Wọ́n pè mí. "Ìyá ta lò ń kì?"

Mo ń ṣàlàyé.

"Ìbéèrè kan ni mo bi ọ́."

Ọ̀sán mẹ́ta ni mo fi jókòó lórí ẹní níwájú wọn, tí mo ń gba oríkì alágbẹ̀dẹ ní ẹsẹẹsẹ.

Nígbà tí a ṣeré nínú gbọ̀ngàn kan ní àdúgbò Challenge, ìlà iwájú ni mo fi wọ́n sí. Mo dé ìparí orin keje, mo ki ìyá mi bó ṣe yẹ. Gbogbo gbọ̀ngàn sì ń ki ọmọ jagunjagun lé mi lórí. Mi ò gbọ́ ohùn ara mi mọ́. Mo wo Màmá Ring Road. Wọ́n ti fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ dìde, ojú wọn tutù fún omijé, ẹnu wọn ń lọ.

Èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé wọ́n lọ sílé.

"Màmá, oríkì wo lẹ̀ ń kì nínú gbọ̀ngàn?"

"Wo iwájú ẹ, kó o wakọ̀."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kọ orin náà. Ohùn lásán ni títí a fi dé ẹnu géètì wọn, kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí n ó fi mọ oríkì tó jẹ́.