Bọ́ńpà Tí Tíṣà Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Kùn

Inú ṣì ń bí mi. Kí èèyàn ti máa kun ọkọ̀ l'Àpòmù láti ìgbà ọmọge, kí ẹnìkan wá dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kó ní ayédèrú ọ̀dà ló ń pò fún aráyé. Irú ẹ̀ kì í tètè tán nínú ẹni.

Ọkọ mi ló kọ́ mi níṣẹ́. Nígbà tó kú, àwọn kan ní obìnrin ò lè dá kun ọkọ̀. Mo kùn ún. Bọ́ńpà ni mo mọ̀ ọ́n kùn jù, nítorí pé ike ni, ike ò sì rí bí irin. Bí epo bá kàn án báyìí, kò ní gba ọ̀dà. Omi ni ọkọ mi fi kọ́ mi. Tí o bá ti fi ọṣẹ fọ ike, tí o fi bébà oníyanrìn ha á, da omi sí i. Bí omi bá ṣù jọ, tó ń yí kiri bí omi orí ewé kókò, epo ṣì wà níbẹ̀, tún un fọ̀. Bó bá tẹ́ lọ pẹrẹsẹ, máa kùn ún.

Tíṣà kan wá láti Ìkirè. Bọ́ńpà ọkọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Ó ní òun fẹ́ fọwọ́ ara òun kùn ún nílé, kí n ṣáà bá òun po ọ̀dà tó bá ara ọkọ̀ mu. Mo pò ó. Mo sọ ọ̀rọ̀ omi fún un. Mo wá bi í pé, "Níbo lẹ ti fẹ́ kùn ún?"

"Ẹ̀yìnkùlé wa."

Mo mọ̀ pé dòdò ni ìyàwó rẹ̀ ń dín tà. "Ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ ààrò ìyàwó yín o. Èéfín epo á bà lé e."

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ọ̀dà ni kí ẹ bá mi pò. Sáyẹ́ǹsì ni mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ má fi kọ́ èmi."

Mo gbé ọ̀dà rẹ̀ fún un. Ẹni tó kàwé ti sọ̀rọ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, òun àti ìyàwó rẹ̀ gbé bọ́ńpà dé. Ọ̀dà ti ń ṣí lára rẹ̀ bí èèpo àlùbọ́sà. Awakọ̀ Gbọ̀ngán kan tó gbé ọkọ̀ wá fún mi láti kùn wà ní ìjókòó. Bí Tíṣà ṣe ń pariwo ayédèrú, bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ dìde, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

"Ẹ dúró ná," mo ní. "Bí mo bá jẹ̀bi, ẹ máa gbé ọkọ̀ yín lọ."

Mo bu omi, mo dà á síbi tí ọ̀dà ti ṣí. Omi ṣù jọ, ó ń sáré kiri. Mo fi ìka ra ibẹ̀, mo nà án sí ìyàwó Tíṣà. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Tósìn, epo mi nìyí."

"Epo wo?"

"Epo dòdò. Ẹ fọ bọ́ńpà tán, ẹ fi í ti ẹ̀gbẹ́ ààrò mi kó lè tètè gbẹ. Mo ní kí ẹ gbé e kúrò, ẹ ní kí n gbájú mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi."

Awakọ̀ fi ẹ̀rín jókòó padà.

Tíṣà wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé e wọlé, kí ẹ bá mi tún un ṣe."

Ta ló fẹ́ wọlé? "Ìta lẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́," mo ní. "Ìta náà lẹ ó ti fọ̀ ọ́."

Mo gbé omi ọṣẹ ka iwájú rẹ̀. Ó ká apá aṣọ sókè, ó lóṣòó, ó ń fọ̀. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè.

"Ṣé ó ti mọ́, Màmá?"

"Èmi ò kàwé," mo ní. "Ẹ bi omi."

Ó da omi sí i. Omi ṣù jọ bí ti orí ewé kókò. Tíṣà tún ki ọwọ́ bọ ọṣẹ.