Àkàbà Nínú Ṣọ́ọ̀bù Abọ́

Nígbà tí ọkùnrin yìí ń gba bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀, Àkàbà ni wọ́n ń pè é. Ó ga débi pé bí òjò bá ń bọ̀, òun ni í kọ́kọ́ tutù. Kí a má purọ́, kò mọ bọ́ọ̀lù jù sínú apẹ̀rẹ̀ rárá. Àwọn òǹwòran ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ sábà máa ń lọ kí. Fífi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ ni ó mọ̀. Bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò ní wẹ̀yìn tí yóò fi jù ú, yóò sì bọ́ sí onítọ̀hún lọ́wọ́ gẹ́lẹ́. Iṣẹ́ yìí ni ó ń jẹ títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ láì bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá jókòó sílé bí aṣọ tí a sá tí a gbàgbé. Bí ìyàwó rẹ̀ bá pàtẹ́wọ́ pè é, yóò ju ohunkóhun tí ó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí i: ọṣẹ, bàtà, ìrọ̀rí. Nígbà tí ó yá, màmá kan tí ń ta abọ́ tánganran gbà á síṣẹ́, nítorí pé àkàbà onígi rẹ̀ ti kán.

"Oṣù kan ni mo fi ń dán ẹ wò," ni màmá náà wí. "Bí abọ́ kan péré bá fọ́, ilé yá. Ẹsẹ̀ ẹ kúkú gùn, wàá tètè délé."

"Kò ní fọ́, mà."

Ní ọjọ́ tí oṣù náà pé, Àkàbà gbé àwo ọbẹ̀ tí ó wọ́n jù lọ dání, ó kọjú sí pẹpẹ òkè. Ìyàwó rẹ̀ gbé ìgò ojú tí ọkọ rẹ̀ gbàgbé sílé wá fún un. Kò fẹ́ pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù, nítorí náà ó fi eyín di ìgò náà mú, ó sì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Àwo gbéra. Màmá di ojú.

Wọn kò gbọ́ ariwo kankan. Nígbà tí màmá la ojú, àwo náà wà ní àyà ìyàwó, ó gbá a mọ́ra bí ọmọ tuntun. Obìnrin náà gbé e kalẹ̀, ó sì yọ ìgò lẹ́nu.

"Bàbá wọn, tòní yìí wúwo ju ìrọ̀rí lọ o."

Màmá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìyàwó, níbo lo ti ń ṣiṣẹ́?"

"Ilé ni mo wà, mà."

"O ò sí nílé mọ́. Bẹ̀rẹ̀ lọ́la."

"Èmi ńkọ́, mà?" ni Àkàbà bèèrè.

"Abọ́ ò kúkú fọ́. Dúró. Àmọ́ ìyàwó ẹ ni ọ̀gá ẹ."

Àkàbà yí padà, ó forí gbá gílóòbù.

"Ọ̀gá mi," ni ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìgò mi sójú."

"Bẹ̀rẹ̀, kọ́wọ́ mi tó ẹ."

Ó bẹ̀rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ dún ju àwo tí kò fọ́ lọ.